Kọ̀rọ̀ Tí Ahia Hubert Ṣàwárí

Bí Ahia Hubert Limqueco bá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tóóró kan, tó gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni tó fẹ́ súre, a ti mọ ohun tó kàn. Yóò ní, "Kò sẹ́ni tó mọ ibí yìí." Níṣojú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló sì máa ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òpópónà Ongpin, obìnrin kan ń sá aṣọ sórí okùn lókè orí wa gan-an nígbà tó sọ ọ́. Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀, ó gbọn ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, omi sì ta sára ẹ̀wù funfun Ahia. Ahia fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó ní irú ìgbé ayé báyìí ti tán láwọn àdúgbò tuntun.

Àwa mẹ́ta la jọ ń rìn. Òun ni àgbà wa, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ahia, bí àwa ọmọ Ṣáínà ìlú Manila ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé àtijọ́, ó sì padà wálé láti dúró de ẹni tó máa gbé ilé àtijọ́ kan lé e lọ́wọ́. Ó dúró títí irun ẹ̀bá etí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan lé e lọ́wọ́. Ẹnì kejì ni Marivic Uyboco, dókítà eyín, tó máa ń wo ẹnu èèyàn kó tó wo ojú rẹ̀. Èmi, Perlita Yu, ni mo kéré jù. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lódìkejì odò. Ahia ń pè mí ní Shobe, ìyẹn àbúrò obìnrin, pàápàá nígbà tó bá fẹ́ kí n bá òun gbé báàgì.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì, a máa ń pàdé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Binondo, àdúgbò àwa ọmọ Ṣáínà ní Manila, ọ̀kan nínú wa yóò sì mú àwọn yòókù lọ sí kọ̀rọ̀ tí wọn ò dé rí. Bó bá wá jẹ́ pé wọ́n ti débẹ̀, ẹni tó mú wọn lọ ló máa ra tíì. Marivic mú wa lọ wo àgbélébùú ara ògiri, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jó tùràrí fún Jésù bí ìgbà tí wọ́n ń jó o fún àwọn baba ńlá wọn, ibi tí gbogbo ọmọ Binondo ti mọ̀ látinú oyún. Ó ra tíì. Èmi mú wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn tí kì í tún nǹkan míì ṣe ju òṣùwọ̀n àwọn oníwúrà lọ. Ahia ní òun ti mọ bàbá náà láti kékeré, ó fi orúkọ tí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ kí i, síbẹ̀ èmi ni mo ra tíì. Òun kì í rà. Bí a bá mú un lọ síbi tó ṣàjèjì sí i pátápátá, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fi ibẹ̀ pamọ́ dè wá.

Tíì yìí ló sú mi. Mo fẹ́ rí bí ojú Ahia ṣe máa rí lọ́jọ́ tí kò bá ní ọ̀rọ̀ sọ, ni mo bá mú wọn lọ sọ́dọ̀ Ama.

Ama, ìyá bàbá mi, ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan bébà fún òkú: owó bébà, ilé bébà, bàtà bébà, tí a máa ń sun kí wọ́n lè rí i lò lọ́hùn-ún. Kó o tó débẹ̀, o máa gba inú ilé ìdáná àwọn Co kọjá, o máa kí wọn, o máa tẹrí ba lábẹ́ ẹran tí wọ́n fi kọ́, lẹ́yìn náà lo tó rí àtẹ̀gùn. Yàrá kan ṣoṣo ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò dúdú tó gba àárín àdúgbò. Ibùsùn wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀, àti tábìlì gíga kan tí igi orúkọ Angkong, bàbá àgbà mi tó ti kú, dúró lé lórí, pẹ̀lú ìkòkò tùràrí tí eérú kún dẹ́nu.

Bí a ṣe ń bọ́ bàtà ni mo ń sọ ìtàn igi náà fún wọn. Angkong ń jẹ́ Ong Tiap, ó sì ní ilé méjì. Ilé àkọ́kọ́ wà lójú títì ńlá, ilé ìyàwó tó gbé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé kejì ni ilé Ama, tó pàdé nígbà tí Ama ń ta òwú ní àdúgbò San Nicolas. Àwọn ọmọ ilé àkọ́kọ́ so orúkọ rẹ̀ pọ̀ lódindi, wọ́n ń jẹ́ Ongtiapco, orúkọ náà sì wà lára ṣọ́ọ̀bù ìṣó àti irin káàkiri ìlú. Àwa ń jẹ́ orúkọ Ama. Nígbà tí Angkong kú, wọn ò jẹ́ kí Ama wọ ibi ìsìnkú. Ó di bàbá mi lọ́wọ́ mú, wọ́n dúró lódìkejì títì, wọ́n ń wo ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn.

Àmọ́ nígbà tó yá, àwọn Ongtiapco di onígbàgbọ́ kíkankíkan, pásítọ̀ wọn sì ní òun ò ní jẹun nínú ilé tí igi orúkọ òkú bá wà. Igi pẹlẹbẹ ni, wọ́n gbẹ́ orúkọ olóògbé sí i, wọ́n sì fi tàdáwà pupa kán an lójú lọ́jọ́ ìsìnkú kí ẹ̀mí rẹ̀ lè mọ ibi tó máa jókòó sí. Wọ́n gbé e jù sẹ́yìn ilé sáàárín pákó tí wọ́n fẹ́ fi dáná. Ìránṣẹ́bìnrin wọn tó máa ń bá Ama pàdé nídìí ẹja ló wá sọ fún un. Ama lọ gbé e. Ó ṣí agbòòrùn dúdú lé e lórí, torí òkú kì í rìn nínú oòrùn, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo orígun àti gbogbo afárá kó má baà ṣìnà: a ti dé orí odò o, rọra, ọwọ́ ọ̀tún la ń yà. Láti ìgbà náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń jó tùràrí fún un. Ìyẹn nìkan ló rí gbà nínú ọkọ rẹ̀, kò sì béèrè òmíràn.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ ọ́ jáde. Marivic fọwọ́ bo ẹnu. Ahia gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Perlita, àṣírí ẹbí yín ti di àṣírí ẹbí tèmi."

Nínú yàrá náà, kò gbé ọwọ́ sókè, kò sì sọ pé kò sẹ́ni tó mọ ibẹ̀. Ó gba ọ̀pá tùràrí mẹ́ta lọ́wọ́ Ama, ó tẹrí ba, ó sì dúró pẹ́. Mo rí omi lójú rẹ̀. Títí di òní, mi ò rò pé irọ́ ni omi náà. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ń sunkún tòótọ́, wọ́n kàn máa ń rántí bí wọ́n ṣe rí nígbà tí wọ́n ń sunkún ni. Ama bu misua fún wa, nudulu tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń jẹ kí ẹ̀mí èèyàn lè gùn, Ahia sì jẹ abọ́ méjì. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, òun ló ra tíì. Orí mi wú tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò ronú nípa bó ṣe ń wo ẹ̀yìn, tó ń wo fèrèsé Ama lókè.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ. Ó gbé ọsàn lọ fún Ama. Ó bá a tún ilẹ̀kùn kọ́ńbọ́ọ̀dù tó ti ń ké láti ìgbà ọ̀dọ́ bàbá mi ṣe. Ama, tí kì í bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ, ń bó ọsàn fún un, ó sì ń sọ gbogbo ayé rẹ̀. Mo jowú díẹ̀, mo sì dúpẹ́ púpọ̀. Mo sọ fún Marivic pé Ahia ti ń dàgbà. Marivic ní ó jọ bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná rẹ̀.

Ní ọ̀sán Àìkú kan, mo wà lọ́dọ̀ Ama, à ń ṣẹ́ ẹ̀wà tútù, nígbà tí Ahia wọlé pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń mí gùlegùle nítorí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin náà sanra, ó wọ aago ńlá, áńkáṣíìfù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹrí ba fún ìyá mi àgbà. Ó ní, "Ama, èmi ni Gilbert Ongtiapco. Ọmọ ọmọ Angkong ni mí." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan ní ilé àkọ́kọ́ pè é ní Ama, ìyẹn ìyá àgbà. Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ Ama. Etí Gilbert ló ń wò. Etí Angkong ni, ó fẹ̀, ó sì fà sílẹ̀ bí ewé.

Mo fa Ahia jáde sórí àtẹ̀gùn.

"Ahia, ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ ọ́ jáde, Shobe. Ta ló wà níta níbẹ̀? Ẹbí yín ni Gilbert."

"Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ."

"Ìwọ gan-an ni o ò mọ ohun tí ò ń sọ. Ikán ti wọ ògiri yẹn. Odò ń gòkè lọ́dọọdún. Bí Ama bá lọ lọ́la, ta ló máa jó tùràrí fún Angkong? Ìwọ tó o máa ń sùn di ìgbà tí oòrùn bá wọ inú àwo tíì rẹ?"

"Kí ni wọ́n fún yín?"

Ó wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè. Ó ní àwọn Ongtiapco ń kọ́ gbọ̀ngàn ìrántí fún ọgọ́rùn-ún ọdún okòwò wọn, wọ́n sì ní kí òun máa bójú tó o. Àwọn tó sá fún igi orúkọ bí ẹni sá fún ejò ló tún ń wá a kiri báyìí, torí wọ́n ti rí i pé àwọn olówó tó kù ní baba ńlá, baba ńlá náà sì ní gbọ̀ngàn. Ahia rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dárúkọ ìyàwó àfẹ́sọ́nà. "Orúkọ mi máa wà lẹ́nu ọ̀nà, Perlita. Lára idẹ."

Nígbà tí a padà wọlé, Gilbert ti béèrè igi náà, Ama sì ti ní rárá. Kò pariwo. Ó ní ọwọ́ ẹnì kankan kọ́ ni òun ti gbà á, láàárín igi ìdáná ni, kò sì sẹ́ni tó ń padà lọ béèrè ohun tó dà nù. Gilbert fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. Ó ní ọmọdé lòun nígbà náà, wọn ò bi òun. Mo rò pé ó ti parí. Inú mi ti ń tutù.

Ahia bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ama, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ama, ọ̀rọ̀ yìí ju tèmi lọ, ó ju ti Gilbert lọ. Ẹ bi í. Ẹ bi Angkong fúnra rẹ̀."

Kò tíì sí ẹni tó fi ọ̀bẹ gún mi rí, ṣùgbọ́n mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí, kò ní dùn ọ́ lójú ẹsẹ̀. Torí pé Ama máa ń bi Angkong ní gbogbo nǹkan. Ó bi í kó tó ta ilé òwú. Ó bi í nípa ìyàwó tí bàbá mi fẹ́ fẹ́. Ó bi í bóyá kí òun jẹ́ kí dókítà la ojú òun. Igi kékeré méjì ló fi ń ṣe é, tí a gbẹ́ bí èso kájú, ikùn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn wọn yọ. Yóò béèrè, yóò sì jù wọ́n sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá dojú bolẹ̀ tí èkejì fi ẹ̀yìn lélẹ̀, Angkong gbà. Bí àwọn méjèèjì bá ṣe bákan náà, kò gbà, tàbí ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ńlá ń fẹ́ ìgbà mẹ́ta. Ẹni tó ti ń bi òkú bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ kò lè wá sọ pé òun ò ní bi í lórí ibi tó fẹ́ máa gbé. Ahia mọ̀. Nídìí ọsàn tí Ama ń bó fún un ló ti gbọ́ ọ, ó sì ti tọ́jú rẹ̀.

Ama bi Gilbert bóyá ilé ni wọ́n máa gbé e sí. Gilbert wo Ahia. Ahia ní ilé ni, ilé àkọ́bí rẹ̀. Ama ní ṣé wọ́n á máa jó tùràrí fún un.

"Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Ama," ni Ahia wí. "Èmi fúnra mi ni màá máa jó o."

Ama dìde, ó fọ ọwọ́, ó jó tùràrí. Ó sọ fún Angkong pé Gilbert nìyí, etí rẹ ló ní, wọ́n fẹ́ mú ọ lọ sílé àkọ́bí rẹ, ṣé o fẹ́ lọ? Ó ju igi méjèèjì. Ọ̀kan dojú bolẹ̀, ọ̀kan fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Gilbert bi Ahia pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí, Ahia sì gbé ìka lé ètè.

Ama tún béèrè. Ó tún jù ú. Ọ̀kan dojú bolẹ̀, ọ̀kan fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jù wọ́n jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Igi kan fi ẹ̀yìn lélẹ̀ níwájú wa, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́. Èkejì yí gbirigbiri wọ abẹ́ kọ́ńbọ́ọ̀dù. Èmi ni mo kúnlẹ̀, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kanlẹ̀, mo wò ó. Ó dojú bolẹ̀ sínú eruku. Ọwọ́ mi tó o. Kò sẹ́ni tó lè rí mi. Ìka kan péré ni mo máa fi yí i, Angkong á sì ti kọ̀, gbogbo wọn á sì máa lọ sílé.

"Perlita," ni Ama wí lókè orí mi, "má fọwọ́ kàn án. Sọ bó ṣe wà."

Mo sọ bó ṣe wà.

Kò sunkún. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó wo igi orúkọ náà bí a ṣe ń wo ẹni tí a bá ní ibi tí a ò fọkàn sí. "Ó fẹ́ lọ," ló sọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò tó láti mọ̀ pé igi méjì tí a jù lẹ́ẹ̀mẹta kò mọ ilé kan yàtọ̀ sí òmíràn. Mo fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, mo ti gba gbogbo ọdún tí Angkong ti ń dá a lóhùn lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ó fi aṣọ pupa wé e fúnra rẹ̀. Ó ṣí agbòòrùn nínú yàrá. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún un: "Ong Tiap, àtẹ̀gùn nìyí, ṣọ́ orí rẹ. Ilé ìdáná àwọn Co nìyí, wọ́n ń dín ẹja. Ojú títì nìyí." Àwọn Co dìde níbi oúnjẹ wọn. Ahia ń fi ẹ̀yìn rìn lọ níwájú, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya gbogbo rẹ̀. Ó ní kí Ama jọ̀ọ́ tún ti ilé ìdáná yẹn sọ, ariwo ẹja ti pọ̀ jù.

Gilbert ṣí búùtù ọkọ̀. Ama kàn wò ó. Gilbert ti búùtù, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n gbé igi náà sórí ìjókòó pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, wọ́n sì fi bẹ́líìtì dè é. Ama ní, "Kó o máa pè é o, ní gbogbo afárá. Ó máa ń tètè ṣìnà." Gilbert ní bẹ́ẹ̀ ni, Ama. Ó gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè. Afárá àkọ́kọ́ kò jìnnà, láti ibi tí a dúró sí la ti ń wo ọkọ̀ náà bó ṣe gun orí rẹ̀. Gilbert ti fi fóònù sétí, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹlòmíràn.

Mo kọjú sí ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, "Hubert, má wá síbí mọ́."

"Ahia," ló wí, bí olùkọ́ tó ń tún ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ìwé ṣe.

"Hubert ni mo pè ọ́. O jẹ oúnjẹ Ama."

Ó dùn ún gan-an. Mo rí i pé ó dùn ún. Ó ní lọ́jọ́ kan, nígbà tí orí mi bá pé, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì lọ.

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ Marivic lálẹ́ ọjọ́ náà láti lọ sunkún. Ó bu omi gbígbóná fún mi, ó gbọ́ mi dé òpin, ó sì sọ fún mi pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé òun rò pé mo ti mọ̀ ni. Hubert ti wá jókòó sórí àga òun kó tó mú Gilbert lọ sọ́dọ̀ Ama. Ó ní kí Marivic bá òun fọ eyín kó funfun dáadáa, torí fọ́tò ọjọ́ ìṣílé gbọ̀ngàn náà. "Mo ní kó sọ fún ẹ," ni Marivic wí. "Ó ní o mọ̀. O mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀." Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò mu omi náà.

Mi ò lọ sí ọjọ́ ìṣílé. Nígbà tí ọjọ́ ìrántí ikú Angkong pé, Ama wọ aṣọ aláwọ̀ eérú rẹ̀ tó dára jù, ó di ọ̀pá tùràrí mẹ́ta sínú bébà, ó ní kí n mú òun lọ. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ilé, gbọ̀ngàn ni. Ó ní Hubert sọ pé ilé ni. Mo ní Hubert purọ́. Ó rò ó díẹ̀, ó ní òun á lọ wò ó fúnra òun.

Gáàdì ní a gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ra méjì, Ama sì di tirẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin. Idẹ wà lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. Gbogbo Ongtiapco ló wà lára rẹ̀, àkọ́bí, àbígbẹ̀yìn, ìyàwó, àna. Orúkọ Hubert wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn àwọn tó fi ẹ̀rọ amúlétutù síbẹ̀.

Igi orúkọ náà wà láàárín gbọ̀ngàn, nínú gíláàsì, iná tàn sí i láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò rí i kó mọ́lẹ̀ báyìí rí. Ìkòkò tùràrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń dán, òfìfo ni. Ama sún mọ́ gíláàsì títí èémí rẹ̀ fi bò ó. Ó ní, "Eérú rẹ̀ dà?"

Mo wo gáàdì, gáàdì ní a ò gbọ́dọ̀ tan nǹkan kan níbẹ̀, aago iná máa dún. Ama ní òun ò fẹ́ tan nǹkan kan, eérú lòun ń béèrè. Eérú gbogbo àárọ̀ àti gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni. A kì í dà á nù. Ṣe ni wọ́n máa ń bu díẹ̀díẹ̀ kúrò nígbà ọdún tuntun, pẹ̀lú ṣíbí, pẹ̀lú àdúrà.

Nígbà náà ni Hubert wọlé pẹ̀lú àwọn àlejò, bí èèyàn mẹ́wàá, gbogbo wọn wọ bàtà tó dára. Ó rí wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró díẹ̀, ohùn rẹ̀ kò dúró. Obìnrin kan láàárín wọn fi àgbọ̀n rẹ̀ tọ́ka sí Ama, ó ní ta ni màmá yìí.

"Ará àdúgbò ni," ni Hubert wí. "Wọ́n ṣì máa ń wá bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tó mú kí ibí yìí ṣì ní ẹ̀mí nìyẹn." Àwọn àlejò mi orí. Ẹnì kan gbé fóònù sókè, ó ya Ama pẹ̀lú ọ̀pá tùràrí rẹ̀ tí a ò tàn.

Ama yíjú sí i. Inú rẹ̀ kò dà bíi pé ó ru. Ó kí i bí a ṣe ń kí ọmọ tó bá wọlé. "Hubert, ṣé o ti jẹun?"

"Ẹ ṣé o, Màmá," ni Hubert wí. Màmá ló pè é, bí èèyàn ṣe ń pe obìnrin tó ń ta òdòdó lójú ọ̀nà.

"Eérú rẹ̀ dà?"

"A fọ ìkòkò náà, Màmá, kí wúrà ara rẹ̀ lè hàn." Ó sọ èyí fún àwọn àlejò, ó sì rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ funfun. Marivic ṣiṣẹ́ gidi.

Wọ́n kọjá lọ síbi ìṣó àkọ́kọ́ tí Ongtiapco kọ́kọ́ tà. Ama ṣì dúró. Ó fi ìka kan kan gíláàsì nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ fún òun. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ní kí n kà á. Mo kà á: Igi orúkọ olùdásílẹ̀ wa. A rí i ní Binondo, nínú yàrá kan tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́. Hubert Limqueco ló ṣàwárí rẹ̀.

Ó gbọ́ ọ. Ó wo Angkong, ó ní, "Ó dáa, o ti débi tó o fẹ́." Ó kó tùràrí rẹ̀ padà sínú bébà, ó sì béèrè ọ̀nà àbájáde.

Níta, oòrùn ń ta. Ó di apá mi mú títí a fi dé etí títì.

"Yàrá tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀," ló wí. "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ama."

"Èmi wá ńkọ́? Níbo ni mo wà?"

Kò bínú. Ó fẹ́ mọ̀ ni, bí ìgbà tó bá ń bi mí iye tí wọ́n ń ta ẹja. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn, títì ni mo yíjú sí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan ń bọ̀. Mo nawọ́ dá a dúró, mo ti Ama gun orí rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin béèrè ibi tí à ń lọ.

Ama sọ fún un. Ó ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ṣọ́ọ̀bù bébà, kó gba ilé ìdáná àwọn Co kọjá, kó kí wọn, kó gun àtẹ̀gùn dé òkè, ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, yàrá tó ní fèrèsé kan. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, orúkọ òpópónà nìkan lòun ń béèrè.

Ama gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé dáadáa, ó sì tún un sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀.